Káàdì Kejìlá Lára Ògiri

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo jowú àbúrò mi. Kì í ṣe díẹ̀ o. Mo jowú rẹ̀ débi pé bó bá sín lásán, tí ẹnìkan bá kí i pẹ̀lẹ́, inú á bí mi. Ìyá kan náà ló bí wa, baba kan náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ láyé, títí di òní, ọwọ́ ìkọ̀wé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Àìsàn gba ọdún kan lọ́wọ́ mi, mo fi ọdún kan jókòó sílé de yunifásítì, òun fo kíláàsì kan ní tirẹ̀. Bí a ṣe bá ara wa lórí bẹ́ǹṣì kan náà nìyẹn. Àwọn olùkọ́ á máa ní, "Ẹ wo bó ti dáa tó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò." Ó dáa lẹ́nu wọn. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń lẹ èsì ìdánwò wọn sí abẹ́ ti àbúrò wọn.

Nígbà ìsinmi gígùn ọdún kẹrin wa, láàbù kan tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀rọ ínfátà ní àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó máa bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé lé ní igba. Àwọn méjì tí wọ́n mú, èmi ni, òun ni. Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà wa dé. Màmá wa sunkún ayọ̀ lórí fóònù, mo sì ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n sùn: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n á mú ẹnìkan ṣoṣo nínú wa láti padà wá ṣe oyè kejì níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹnìkan ṣoṣo. Mo tún un kà bóyá mo ṣì í kà.

Láàbù náà jẹ́ yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ wà lókè téńté. Tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, iná pupa kékeré kan sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan tó ń sọ pé iná wà nínú ẹ̀rọ. Òórùn òjé yíyọ́ kì í kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kúrò lára aṣọ wa. Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni láàbù náà, Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jígí ojú méjì ló ní, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún ìwé, ó sì máa ń wá èyí tó wà lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan wà tí irun rẹ̀ kò rí abẹ láti bí ọdún kan ààbọ̀. Onírun là ń pè é. Ẹni kẹta ni Bàbá Òjé, bàbá àgbà tó ń fi òjé lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

Ínfátà wọn yìí, àwọn ilé ìwòsàn kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ̀rọ amómitutù tí wọ́n ń kó oògùn sí má baà gbóná bí iná bá lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú rẹ̀ ni suwíìṣì. Kì í ṣe suwíìṣì ara ògiri o. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì lè ṣí kó tún tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí tòkè bá ṣí kí iná kọjá, tìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tì. Bí méjèèjì bá fi lè ṣí pọ̀, iná á gba àárín wọn kọjá láìdúró kí ẹnikẹ́ni, ó parí nìyẹn.

Mẹ́ta nínú ínfátà tí wọ́n kó lọ sí ilé ìwòsàn ló ti kú padà wálé. Suwíìṣì ìsàlẹ̀ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ihò kékeré kan ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kẹta, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nínú láàbù ńkọ́? Kì í kú bẹ́ẹ̀. Onírun ti fi ooru dán an wò, ó ti fi òtútù dán an wò, ó ti gbé e sórí ohun tó ń gbọ̀n. Oṣù méjìdínlógún ló ti ń wá ohun tó ń pa á, kò rí i. Mo rò pé irun orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Òjé ló mú wa káàkiri. Ó ní òfin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Èkíní: bí o bá pa ẹ̀rọ, ka ọgọ́rùn-ún kí o tó tún tan án, nítorí iná ṣì máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló sì ń kà á lóòótọ́. Onírun ń kà á sínú, Bàbá Òjé ń kà á síta bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ wọlé. Èkejì: bí o bá pa suwíìṣì, o ò gbọdọ̀ jù ú nù. Wà á lu ihò sí káàdì, wà á so òkú rẹ̀ mọ́ ọn, wà á kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ àti ohun tó pa á, wà á sì fi í kọ́ sára ògiri. Bàbá Òjé fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú àpótí suwíìṣì tuntun. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, iye tó dín nínú àpótí gbọ́dọ̀ bá iye òkú tó pọ̀ sí i lára ògiri mu.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, bàbá?" àbúrò mi bi í.

"Ẹni tó bá purọ́ lórí káàdì, ilé ló ń lọ. Òkú kì í purọ́, ẹ má bá a purọ́."

Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi pa tirẹ̀ àkọ́kọ́. Mo rò pé wọ́n á bá a wí. Ṣe ni Bàbá Òjé pàtẹ́wọ́. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un," ló ní, ó sì lọ mú tuntun fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti pa mẹ́rin, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Olóòkú. Èmi ò pa ọ̀kankan. Mò ń wọn, mò ń tún un wọn, ìdajì agbára ni mo ń fún bọ́ọ̀dù mi, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mi ní mímọ́ tónítóní. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Mímọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ méjèèjì náà wò. Ẹ sọ fún mi èyí tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìfẹ́ àti èyí tí wọ́n kàn ń pè kí ọ̀rọ̀ tán.

Bó bá di ọ̀sán Friday, Ọ̀gá á gbé ife tíì rẹ̀, á pààrọ̀ jígí, á lọ dúró síwájú ògiri, á máa ka àwọn káàdì náà sínú. Nígbà mìíràn á mú bírò pupa jáde, á kọ nǹkan sí ìdí káàdì kan. Lẹ́yìn náà á pe àbúrò mi. Àwọn méjèèjì á dúró síbẹ̀ bíi wákàtí kan, wọ́n á máa tọ́ka, wọ́n á máa mi orí. Èmi á wà nídìí tábìlì mi, tí mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tí kò ní àléébù. Ta ló ń pe ẹni tí nǹkan kan ò ṣe?

Ohun tó tún wá ń dùn mí ju ìyẹn lọ nìyí. Yàrá kan la jọ gbà sí òkè ilé kan nítòsí ibẹ̀, bẹ́ẹ̀dì méjì, fèrèsé kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó bá ti pa òkú rẹ̀, á nà gbalaja, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rò pé ó pa á?" Á ṣàlàyé. Èmi náà, mi ò lè rí ohun tó wọ́ kí n má tọ́ ọ, màá sọ ọ́ fún un: wáyà ẹ gùn jù, o ò wọn ẹsẹ̀ kẹta, ooru ni, fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì á lọ kọ káàdì, bó bá di Friday Ọ̀gá á máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń tà fún wọn lójú mi kòrókòró. Mo wá pinnu pé mi ò ní sún mọ́ ògiri náà láé. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, mi ò ka káàdì rẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?

Màmá wa á pe, á ní, "Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ ń ṣe bẹbẹ níbẹ̀." Màá ní, "Ó ń ṣe bẹbẹ, mà." Á ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Ẹ gbọ́ o. Ìwọ náà ńkọ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni Ọ̀gá kọjá nídìí tábìlì mi, ó sì dúró. Ó wo bọ́ọ̀dù mi, ó wo ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí. "Ó mọ́," ló ní. Inú mi ti fẹ́ máa dùn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìdajì agbára lo ṣì ń fún un. Ìgbà wo lo fẹ́ jẹ́ kó ṣiṣẹ́?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, àmọ́ gbogbo láàbù ló gbọ́. Mo gbójú sókè, mo rí àbúrò mi tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ìdí tábìlì tirẹ̀. Bóyá ó fẹ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni. Lójú tèmi, ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo ní inú ń run mí. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé lẹ́yìn wọn, mo gbé agbára iná sókè, láti ìdajì, fóòtì igba, dé odidi, fóòtì irinwó. Ó gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò gbóná, kò pariwo. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo ń ronú bí wọ́n ṣe máa wọlé padà tí wọ́n á bá irinwó lójú ẹ̀rọ mi, bí Ọ̀gá á ṣe pààrọ̀ jígí.

Ni mo bá gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ti òsì máa ń ké fín-ín fín-ín. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: á wọlé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irinwó nìyẹn?" á fa àga, á bá mi di wáyà kan mú, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ á ti di iṣẹ́ àwa méjèèjì. Mo pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Bàtà náà kọjá lọ síbi omi ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ yà. Mo tún un tàn. Mi ò ka ọgọ́rùn-ún. Mi ò ka mẹ́wàá. Bí mo bá kà á rárá, kò ju méjì lọ.

Ó dún pọ́ọ̀, ohùn tí kò tó kí ènìyàn yíjú. Iná pupa kú.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo dúró sí, tí mò ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìpa ẹyọ kan, Ọwọ́-Mímọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá mi wí ni mo pa á. Mo rí i bí Bàbá Òjé ṣe máa pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa ní èmi náà ti dé. Mo rí i bí àbúrò mi ṣe máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ káàdì. Ara mi kọ̀ ọ́. Mo mú tuntun nínú àpótí, mo yọ òkú náà, mo fi òjé lẹ tuntun mọ́ ọn.

Ó ku òkú. Mi ò lè jù ú nù, nítorí Bàbá Òjé máa ka àpótí nírọ̀lẹ́. Mo wo ògiri láti ibi tí mo wà. Mọ́kànlá ló jẹ́ ti àbúrò mi níbẹ̀. Ẹni tó ní mọ́kànlá, kí ni méjìlá máa ṣe é? Mo mú káàdì, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tí èmi fúnra mi kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà, àti ohun tó pa á: Ọwọ́ mi yẹ̀, irin tí mo fi ń wọn iná kan ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Mo sá lọ fi í kọ́, mi ò wo ọ̀tún mi, mi ò wo òsì mi.

Nígbà tí wọ́n dé, ọkàn mi balẹ̀. Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ní Thursday mo rí i tí àbúrò mi dúró síwájú ògiri, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́, kò nà gbalaja. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Kí ni kó wà?"

"Mo kàn ní kí n bi yín ni."

"Sùn, jàre." Mo yíjú sí ògiri.

Friday dé. Ọ̀gá gbé tíì, ó pààrọ̀ jígí. Mo ń fi etí wò ó, bí ènìyàn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ káàdì tó gbẹ̀yìn, ó kà á, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó já òkú náà wá sídìí fèrèsé, ó mú jígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Onírun pé kó gbé òkú mẹ́ta tó ti ilé ìwòsàn padà wá. Wọ́n tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí bébà funfun. Onírun bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Oṣù méjìdínlógún," ló ní.

Ihò kan náà ni. Igun kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kẹta. Mo ti yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí n wò ó.

"Olóòkú, wá," Ọ̀gá pe àbúrò mi. Gbogbo wa la súnmọ́ ibẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dá láàbù yìí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ohun tó dáa tó èyí kọ́ sára ògiri yẹn. Sọ fún wa. Kí lo ṣe fún un?"

Àbúrò mi wo káàdì náà. Ó wo orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, kò wo Ọ̀gá, èmi ló wò, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì tún wo ilẹ̀.

"Mi ò rántí dáadáa, mà."

"Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Káàdì ní irin ló yẹ̀. Bí irin bá yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa jó. Inú ni èyí ti jó wá síta. Irọ́ ló wà lórí káàdì yìí." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "O mọ òfin kẹta?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti pa ìyẹn pọ̀ jù. Nígbà tí mo gbọ́ "mo mọ̀ ọ́n, mà" yẹn, adùn kan wọ inú mi. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú, wọ́n sì fẹ́ lé ẹnìkan lọ. Kò sí nǹkan tí mo ní láti ṣe ju kí n pa ẹnu mọ́. Mo pa á mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ún mọ́. Mo mọ òwe náà. Mo dúró tì í, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ.

Ọ̀gá kẹ́dùn, ó yíjú sí Onírun. "Irọ́ tàbí òtítọ́, òun ló rí i. Bí a bá ń kọ ìwádìí yìí jáde, orúkọ rẹ̀ ló máa ṣíwájú."

Níbẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Kí wọ́n lé e lọ, mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n lé e lọ pẹ̀lú iṣẹ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Ẹ̀yin tó fẹ́ kí n sọ pé ìfẹ́ ọmọ ìyá ló gbà mí níyànjú, ẹ má bínú. Ìlara tó jẹ́ kí n gbé òkú náà fún un, òun náà ló jẹ́ kí n gbà á padà.

"Tèmi ni," mo ní. "Èmi ni mo pa á."

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń sáré sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á lọ́wọ́ mi: fóòtì irinwó, bó ṣe ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí mo ṣe pa á, bí mo ṣe tún un tàn.

"Mélòó lo kà?" Ọ̀gá bi mí.

"Mi ò kà, mà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì."

Onírun gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Iná ilé ìwòsàn," ló ní. "Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ á jí kó tó sùn tán. Tìsàlẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun tì, tòkè á ti ṣí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́ jọ ẹkún. "Ta ló ń ka ọgọ́rùn-ún nílé ìwòsàn?"

"Àwa là ń kà á," Bàbá Òjé dáhùn. "Kíkà wa ni kò jẹ́ ká rí i."

Fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe máa ń wo àbúrò mi. Ó dùn mọ́ mi, ẹ gbà mí gbọ́. Ìgbà tí Ọ̀gá mú káàdì náà, tó yí i sọ́dọ̀ mi, ló tó tán.

"Ọwọ́ ta ló kọ èyí?"

"Ọwọ́ mi, mà."

"Orúkọ ta?"

Ọ̀gá bọ́ jígí rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, kò sì gbé e padà sójú.

"Ìwádìí náà, orúkọ rẹ máa wà lára rẹ̀, nítorí òtítọ́ ni. Àyè tó wà níbí yìí, kì í ṣe tìrẹ. Lọ mú káàdì mìíràn, kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o fi í kọ́. Lẹ́yìn náà, kó ẹrù rẹ."

Mo mú káàdì. Mo lọ síbi ògiri láti wá àyè tí mo máa fi í kọ́ sí, ó sì di dandan kí n wo àwọn tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ka káàdì àbúrò mi fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èkíní: Mo kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n wọn ẹsẹ̀ kẹta kí n tó tan án. Mi ò gbọ́. Ẹ̀kẹta: Mi ò mọ ohun tó pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n, wáyà ilẹ̀ gùn jù. Ẹ̀karùn-ún: Ẹ̀gbọ́n mi ní ooru ni. Ooru ni lóòótọ́. Mo ń kà á lọ. Mẹ́jọ nínú mọ́kànlá, mo wà níbẹ̀. Ní ìdí ìkẹjọ, bírò pupa Ọ̀gá ti kọ ìlà kan síbẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kọ ọ́: Ẹ̀gbọ́n yìí, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kì í wá bá mi níbí?

Mo gbọ́ fín-ín fín-ín lẹ́yìn mi. Àbúrò mi wá dúró tì mí.

"Kí ló dé tó o ní o ò rántí?" mo bi í, mi ò yíjú.

"Kí ni kí n sọ, ẹ̀gbọ́n mi? Pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Ó tún káàdì kan tó wọ́ lára ògiri ṣe. "Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ ṣé. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílẹ̀."

Bó bá gbá mi létí, ìbá sàn. Mo wo káàdì òfìfo tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lé ògiri, mo kọ orúkọ ara mi, mo kọ ọjọ́, mo sì kọ ohun tó pa á: "Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mi ò kà. Bàtà àbúrò mi ni mo gbọ́, mi ò fẹ́ kó rí iṣẹ́ mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo sọ òtítọ́ náà, kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́."

Mo nà án sí i pé kó kà á kí n tó fi í kọ́. Ó kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ìlà mẹ́rin ṣe yẹ kó gba ènìyàn lọ, mo sì ń gbọ́ tí Bàbá Òjé ń ka ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn wa nídìí ẹ̀rọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bàbá náà kà dé ọgọ́ta kí àbúrò mi tó gbójú sókè. Kò sọ "ẹ ṣé" mọ́. Ó di káàdì náà mú sára ògiri fún mi, ní ẹ̀gbẹ́ mọ́kànlá tirẹ̀, èmi sì kan ìṣó.